Mo Sọ Fún Dókítà Pé Ìwé Ló Pa Bàbá Wa Àgbà

Bí ẹ bá béèrè mi nínú ìdílé wa, wọn yóò sọ fún yín pé èmi ni àpótí ìrántí wọn. Ta ló bí ta, ta ló kọ́kọ́ fẹ́ ta kó tó lọ fẹ́ ta, ta ló bá ta jà tí wọn ò fi kí ara wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n má bi mí. Wọn kì í gbé ìyàwó wálé kí wọ́n má bi mí.

Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí obìnrin tó jáde girama ṣì jẹ́ ohun àpéwò. Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo tọ́jú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé òpè ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ì bá sàn kí ó jẹ́ òpè. Òpè ì bá ti béèrè.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ, àbíkẹ́yìn ìyá wa. Télọ̀ ni. Kóòtù àti ṣòkòtò ọkùnrin ló ń rán, ó sì máa ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kì í fẹ́ mu omi, nítorí ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún, ó sì ní bí òun bá ti dìde, abẹ́rẹ́ á gbàgbé ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú búláòsì tí mo ní kó bá mi dín, ó ṣàdédé di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún.

"Àǹtí, nǹkan kan ń fa mí níbí," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn."

Ìyàwó rẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń ṣe é tipẹ́. Á lọ, á tún padà dé. Ìtọ̀ rẹ̀ náà ò já geere mọ́. Mo ní ká lọ sí ọsibítù."

"Ọsibítù ṣe kí ni?" mo ní. "Ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn ni tiwa nínú ìdílé yìí. Bàbá wa ní ẹ̀yìn. Àbúrò bàbá wa ní ẹ̀yìn. Èmi tí mo dúró yìí, mo ní ẹ̀yìn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀yìn."

Mo wò ó. Ó yára da ojú rẹ̀ padà sí bọ́tìnnì.

Oògùn oríkèé wà nínú báàgì mi, kóró pupa kan báyìí tí dókítà kọ fún mi nítorí orúnkún. Ó kìlọ̀ fún mi nígbà náà. Ó ní kí n jẹun kí n tó lò ó, kí n má máa lò ó lójoojúmọ́, kí n má sì fún ẹlòmíràn. Mo rántí gbogbo rẹ̀ pátá. Ìrántí kì í yẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìgbọràn ni kò sí níbẹ̀.

Mo fún un ní ẹyọ kan. Kí n tó wọ búláòsì mi wò tán nínú yàrá ẹ̀yìn, mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ó ti lọ! Ó lọ bí ẹni tí wọ́n lé!"

Babá onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwọn yọ orí wọlé. "Ta ló wo ọ sàn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Dókítà ni wọ́n, ẹ ò mọ̀ ni?"

"Dókítà Àǹtí! Ọrùn ń ro èmi náà o!"

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ oyè náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ ọkọ mi lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di oníṣègùn. Ó ń lo oògùn mi láàárọ̀, ó ń lò ó lálẹ́. Bí ó bá ti ń tán lọ, mo ń lọ ra òmíràn. Mo fún babá onígbàjámọ̀. Mo fún Ìyá Kékeré, àbúrò bàbá wa obìnrin, ẹnìkan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ bàbá wa àgbà, nítorí òun náà ń ráhùn orúnkún. Bí mo bá ń kọjá ládùúgbò, wọ́n ń kí mi bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí.

Ìyàwó àbúrò mi nìkan ni kò bá wọn pè mí ní dókítà. Ó mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, oríṣi méjì, ọ̀kan jẹ́ èyí tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀. Ó tò wọ́n sórí tábìlì ìgéṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ṣé àwọn wọ̀nyí lè bá tiyín gbé pọ̀?"

"Ṣé orogún ni wọ́n ni, tí wọn ò fi ní lè gbé pọ̀?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó oògùn rẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dunni níbẹ̀? Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú títí bàtà kò fi wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn oníbàárà ń sọ pé, "Ayé yẹ télọ̀ o! Ẹ wo bó ṣe sanra!" Èmi náà ń sọ fún wọn pé ìsinmi ló bá a, pé ìrora ti lọ. Omi ni. Omi tó yẹ kó ti jáde ló ń wá ibi tí yóò gbé nínú ara rẹ̀, àwa sì ń kí i kú oríire.

Nígbà tó wá sọ fún mi pé ìtọ̀ tó ń jáde ò tó kún ife tíì, mo tún fi ìmọ̀ mi dá a lóhùn.

"Dín omi kù. Ibi tí omi ò bá ti ráyè jáde, kí la tún ń rọ sí i fún?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe bá ọgbọ́n mu! Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ṣe máa ń rí.

Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára. Òsúkè mú un, kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Télọ̀ tí kò ṣi aṣọ rán rí gbé apá òsì kóòtù oníbàárà kan sí ọ̀tún, kò sì mọ̀ títí ẹni náà fi wọ̀ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dìde nídìí ẹ̀rọ, ó di tábìlì mú, ó bì sórí aṣọ funfun tó wà níbẹ̀, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọ tí oorun ń kùn.

Ìyàwó rẹ̀ pe takisí. Kò bi mí.

Mo bá wọn nílé ìwòsàn. Wọ́n ti gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ sì ti lọ tò sí ẹnu fèrèsé káàdì. Dókítà tó wá bá wa, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí ni, ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ àbúrò mi. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọlé, kò sì tètè padà.

"Bàbá, oògùn wo lẹ ń lò nílé?"

Kí àbúrò mi tó la ẹnu, mo ti dáhùn. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nìkan."

"Wọn ò lo oògùn ìrora kankan? Irú èyí tí wọ́n ń lò fún oríkèé?"

"Dókítà, mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Mo kàn ń béèrè ni, Màmá, nítorí pé àwọn oògùn ìrora mìíràn máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Pàápàá fún ẹni tí kì í mu omi, tó sì tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, àsìkò rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé rárá. Obìnrin tó jáde girama, ṣé yóò wá pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà níwájú ọmọdé?

Àbúrò mi ń wò mí. Èmi ń wo fáànù òkè àjà. Ó yíjú sí fèrèsé. Láti kékeré ló ti ń bo àṣírí mi. Bí mo bá fọ́ àwo, òun ni ìyá wa máa ń bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfọ́kù rẹ̀.

"Òkúta inú kíndìnrín ńkọ́?" dókítà tún béèrè. "Àbí àrùn kíndìnrín mìíràn. Ó ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé yín?"

Ìbéèrè ìdílé! Ìyẹn ni iṣẹ́ mi. Mo tún gèlè mi ṣe.

"Kò sí i nínú ìdílé wa. Dókítà, ìwé ló pa bàbá wa àgbà."

"Ìwé?"

Mo sọ ìtàn náà fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá wa àgbà dùbúlẹ̀ nínú yàrá, tó ń kérora títí tó fi dákẹ́. Ìyá mi àti Ìyá Kékeré dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí àwa ọmọdé má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ìwé ló pa á. Kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí bàbá wa àgbà kì í jáde kí ìwé ìròyìn má wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó kàwé títí ó fi kú!

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ́ ìdílé wa lé. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, mo máa ń pè é jókòó: "Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ìwé pa ló wà lára rẹ, o wá ń gbé òdo wálé?" Ọ̀kan nínú wọn di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀rù mi ló bà á débẹ̀.

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. "Ó dáa, Màmá. Tó bá jẹ́ pé kò sí òkúta nínú ìdílé, tí wọn ò sì lo oògùn kankan tó lè fa èyí, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn kì í ṣeé dá padà. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò máa lò títí ayé. A ó ṣe skáàn, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀, ó lè di ọ̀la."

Ó jáde. Títí ayé. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn.

Àbúrò mi yí ojú sí mi. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Àǹtí, ó tún ti dé. Ó ń fà mí. Ẹ bá mi wá ẹyọ kan nínú tiyín."

"O ò gbọ́ ohun tí dókítà wí?"

"Mo gbọ́. Àǹtí, ẹyọ kan péré. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì jókòó ti ọmọ ìyá yín kó máa jẹ̀rora, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Àbí ẹ dá a, ó tọ́ sí mi. Mo ki ọwọ́ bọ inú báàgì. Mo tú kóró pupa kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti wọlé, tó di Ìyá Kékeré mú ní apá, dókítà sì ń tẹ̀ lé wọn. Mo pa ọwọ́ mi dé.

Ìyá Kékeré ti di adití. Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́, bó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ẹni tó wà ní títì yóò bá a dá sí i.

"Kí ló ń ṣe ọmọ náà?"

"Kíndìnrín ni, Màmá Àgbà," dókítà ní.

"Kí ni?"

"Kíndìnrín!"

"Ta ló dìndìnrìn?"

Ìyàwó àbúrò mi fi ẹnu sí i létí, ó pe kíndìnrín bí àwọn àgbà ṣe ń pè é. "Iwe, Ìyá! Iwe ló ń dà á láàmú!"

Ìyá Kékeré pàtẹ́wọ́. "Iwe! Iwe tó pa bàbá mi!"

Gbogbo aláìsàn inú wọ́ọ̀dù náà yí ọrùn. Mo dìde, mo lọgun sí i létí.

"Ìyá Kékeré, ìwé lẹ fẹ́ wí. Ìwé ló pa bàbá wa àgbà."

"Ìwé wo? Ta ló kàwé? Bàbá mi tí ò mọ A yàtọ̀ sí àkàsọ̀? Iwe ni mo wí! Iwe, bí iwe adìẹ! Kò lè tọ̀, ara rẹ̀ wú, dókítà ìgbà náà ní òkúta ló dí i lọ́nà. Bàbá tìẹ gan-an náà tọ òkúta rí, ṣe ló ń lọgun bí ewúrẹ́, ẹ wá ń pè é ní ẹ̀yìn!"

"Ìwé ìròyìn tó máa ń há sí abíyá ńkọ́?"

"Ó ń tẹ́ ẹ jókòó ni! Agégẹdú tó fẹ́ràn ṣòkòtò funfun, kí ni kó ti ṣe?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ohùn mi ti ń lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀yin àti ìyá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ó ní kí wọ́n tún un sọ sí òun létí. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó wò mí tàánútàánú.

"Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́! Ta ní í fi ohùn sí ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́? Tóò, nígbà tó ò gbọ́ ọ dáadáa, kí ló dé tó ò bi mí?"

Èmi tí wọ́n ń bi. Èmi tí wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ lẹ́yìn mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi ẹnikẹ́ni.

Kò tíì tán o. Ojú Ìyá Kékeré kò dití. "Kí lo fún mọ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Àbí oògùn pupa tó o fún mi fún orúnkún nìyẹn? Ṣé o fún ọmọ yìí náà ni? Èmi dà á nù o! Ó ń jó mi níkùn."

Dókítà rọra wá síwájú mi. "Màmá, ẹ ṣí ọwọ́ yín."

Mo ṣí i. Òógùn ti yọ́ kóró náà, àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n bí ti ọmọ tó jí súìtì jẹ.

"Ṣé bàbá ti ń lo èyí?"

Kí n tó sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi láti orí bẹ́ẹ̀dì, tín-ín-rín. "Dókítà, èmi ni mo jí i kó nínú báàgì wọn. Wọn ò mọ̀."

Ó tún jókòó ti àfọ́kù àwo mi. Pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́.

"Irọ́ ló ń pa," mo ní. "Èmi ni mo fún un. Láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ni mo ní kó dín omi kù."

Mo ń retí kí ìyàwó rẹ̀ bú mi. Mo ti ń wá ibi tí mo máa wò. Kò bú mi. Ohun tó sọ ò ju èyí lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bi yín. Mo bi yín ṣáá."

Dókítà ti ń pe àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì. "Skáàn, nísinsìnyí! Ẹ sọ fún wọn pé òkúta wà nínú ìdílé, pé ọ̀nà ti lè dí." Ó yí padà sí mi bí wọ́n ṣe ń tì í jáde. "Màmá, bí ẹ ti sọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè ni, a ò bá ti parí rẹ̀."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí skáàn fi hàn, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Kíndìnrín ọ̀tún rẹ̀ ni òkúta dí ọ̀nà rẹ̀. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ ń padà sókè, ó fẹ́ kíndìnrín náà bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ bàlúù. Ti òsì ò ní òkúta, òun ni ì bá gbé ẹrù ìkejì rẹ̀. Òun gan-an ni oògùn mi wá fún lọ́rùn. Dókítà ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ kíndìnrín há. Àìmumi mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ dín kù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjèèjì, tó dára ní àyè ara wọn, wá di ẹrù lé e lórí. Ìrora tó sì yẹ kó lé wa lọ sílé ìwòsàn, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Mo pa ajá tó ń gbó mọ́ olè, mo sì gba ìyìn lórí rẹ̀.

Nítorí náà orogún ni wọ́n o. Orogún gidi.

Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé gba ibi tí òkúta dí. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, a ń wo ọ̀rá tí wọ́n so rọ́bà náà mọ́. Nígbà tí ìtọ̀ àkọ́kọ́ sáré wá sínú rẹ̀, obìnrin náà pariwo, ó dì mọ́ mi kó tó rántí pé òun ń bínú sí mi. Mo ti jókòó níbi ìkómọ, mo ti jókòó níbi ìgbéyàwó, n kò tíì rí ibi tí ènìyàn ti yọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n yọ òkúta náà nígbẹ̀yìn. Kíndìnrín òsì padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò rí oògùn mi mọ́. Ti ọ̀tún ò padà sípò tán. Dókítà ní ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ló kù, pé bí a bá tètè dé ni, ì bá pé. N kò lè fún un ní ìdajì yẹn padà.

Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe. Mo gbé fóònù, mo pe gbogbo ẹ̀ka ìdílé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo ní kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n máa sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún dókítà, títí kan èyí tí àǹtí wọn fún wọn. Ó nira fún wọn láti gbà mí gbọ́.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ pé ìwé ni!"

"Iwe ni. Mo ṣì í gbọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní kí n tún un sọ lórí fóònù. "Àǹtí," ó ní, "ṣé gbogbo oorun tí mi ò sùn nígbà náà wá jẹ́ nítorí iwe adìẹ?"

Babá onígbàjámọ̀ dá oògùn mi padà, ó sì gba oyè mi lọ. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Dókítà Àǹtí mọ́ ládùúgbò.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo lọ jókòó tì í. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìgò omi ńlá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Àbúrò mi rán díẹ̀, ó mu omi, ó fi ọwọ́ nu iwájú orí.

"Àǹtí, orí ń fọ́ mi díẹ̀. Kí ni kí n lò?"

Ìyàwó rẹ̀ gbójú kúrò lára bọ́tìnnì. Babá onígbàjámọ̀ yọ orí wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn ń wò mí. Èmi náà mọ oríṣi oògùn orí fífọ́ mẹ́rin, mo mọ̀ wọ́n lórí.

"N kò mọ̀," mo ní. "Lọ bi dókítà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àǹtí mi," ó ní, "oògùn yín àkọ́kọ́ tó bá mi lára mu nìyí."